Ọkọ Tí Kò Sẹ́ni Tó Rántí Ojú Rẹ̀

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1925, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Chai Kuiyuan wọ agbolé àwọn Duan ní abúlé Shigou, ní ẹkùn Shanxi. Ọjọ́ náà dájú, nítorí pé òun náà ni ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù tó kẹ́yìn nínú ọdún àwọn àgbẹ̀, ọjọ́ tí gbogbo ilé ń fi súùtì tó ń lẹ̀ kun ẹnu òrìṣà ilé ìdáná kó má baà ròyìn wọn ní burúkú lọ́run. Kò sẹ́ni tó ń ṣi ọjọ́ yẹn kà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí ọdún tuntun wọlé.

Orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni Chai ti sọ̀kalẹ̀. Kò béèrè omi, kò béèrè oúnjẹ. Ó ní kí wọ́n gbá orí pèpéle bíríkì inú yàrá mọ́, pèpéle tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ tí ìyá ilé náà ń sùn lé, ó sì tú aṣọ gígùn méjì tó ká bíi ẹní sórí rẹ̀.

Geng Lianzi, ìyá ilé náà, tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

Èèyàn méjì ló jókòó lórí àga níwájú rẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó èèyàn gidi. Aṣọ oyè aláwọ̀ aró ni wọ́n wọ̀, ẹyẹ funfun kan na ìyẹ́ rẹ̀ sí àyà ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọkùnrin náà gùn dé ikùn. Adé obìnrin náà kún fún òdòdó àti ẹyẹ wúrà, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn lè fi ojú tọ okùn tí wọ́n fi rán etí aṣọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọwọ́ wọn pamọ́ sínú apá aṣọ. Bàtà wọn wà lórí àpótí ìtìsẹ̀. Ohun gbogbo pé, àfi ojú. Níbi tó yẹ kí ojú wà lábẹ́ fìlà àti lábẹ́ adé, sílíkì funfun lásán ló wà níbẹ̀, ó mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ọ̀gá Chai, ta ló wà nínú aṣọ yìí?" Jinhe, ìyàwó ọmọ Lianzi, ló béèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ láìmọ̀.

"Kò tíì sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ìgbà òjò ni mo máa ń ya aṣọ sílẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀yin lẹ máa fún wọn lójú."

"Háà, ẹ̀gbọ́n mi!" Duan Baozhen pàtẹ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tó ń ka àpò tíì lẹ́yìn ràkúnmí títí òtútù fi pa á, òun ló di ìjòyè lónìí! Ọba wo ló fi í joyè? Ọba fúnra rẹ̀ ò sí lórí ìtẹ́ mọ́."

Baozhen ni àbúrò ọkọ Lianzi. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí wọ́n gbé Lianzi wọlé, nítorí náà "ìyàwó" ló ń pè é títí di ọjọ́ yẹn, Lianzi náà sì ń pè é ní "ọkọ mi kékeré", bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín kò fi bẹ́ẹ̀ kù lẹ́nu ọkọ kékeré náà mọ́.

Òótọ́ ló sọ. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí ọba ti kúrò lórí ìtẹ́, Duan Baoheng tí wọ́n fẹ́ yà kò sì joyè kankan rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jókòó sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ọdún, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ máa forí balẹ̀ fún, kì í wọ aṣọ àwọn tó ń ka àpò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní Shigou, Chai kò sì wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Àwòrán Lianzi ló kọ́kọ́ mú. Ìyẹn rọrùn, ẹni tó ń yà wà láàyè, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín, Màmá. Ẹ má wo ẹ̀gbẹ́. Etí méjèèjì ni mo fẹ́ rí."

"Etí ọ̀tún mi ò gbọ́ràn mọ́."

"Kò ní gbọ́ràn nínú àwòrán náà. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rí i."

Nígbà tí oòrùn ọjọ́ kejì fi ń wọ̀, obìnrin arúgbó kan ti wà lábẹ́ adé wúrà náà. Ó ń wo iwájú tààrà. Ẹnu rẹ̀ ti wọlé díẹ̀, àmì dúdú wà lẹ́bàá imú rẹ̀, awọ abẹ́ ojú rẹ̀ sì rọ̀ bí ti Lianzi gẹ́lẹ́. Jinhe fi ọwọ́ bo ẹnu. Lianzi wò ó pẹ́.

"Ṣé bí mo ṣe rí nìyí? Mo mà ti di ìyá ọkọ mi."

Ó kù ti ọkọ.

"Ẹ gbọ́ o," Chai sọ bó ṣe ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Tí irun àgbọ̀n kan bá ṣì pẹ́nrẹ́n, ẹlòmíì lẹ ń gbé oúnjẹ fún. Mi ò fi ń dẹ́rù bà yín. Ìdílé kan wà lódì kejì odò Fen tí ayàwòrán kan ya bàbá fún. Alápatà kan tó ti kú ní abúlé kejì ni bàbá náà jọ. Ọdún dé, wọ́n gbé ẹran, wọ́n gbé ọtí. Alápatà wá jẹ ẹ́. Bàbá wọn ń wá sójú oorun wọn, ó ń ní ebi ń pa òun."

"Ṣé alápatà náà ò kúkú dúpẹ́?" Baozhen bi í.

Lianzi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bà á lẹ́rù láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún ni ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu sọ. Orúkọ ọkọ rẹ̀ wà lára pátákó ní gbọ̀ngàn, ó sì ń gbé oúnjẹ síwájú pátákó náà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni ọkọ náà kú sí, nínú ahoro ilẹ̀ Mongolia, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n tó lè pe orúkọ rẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ lè padà sílé. Kò dá Lianzi lójú pé oúnjẹ kan ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ gbé àwòrán wọn kọ́, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé ọkọ òun máa ríbi jókòó wàyí, á sì jẹun.

Ìtàn ìgbéyàwó náà kò gùn. Láti abúlé tó wà lẹ́yìn òkè ni wọ́n ti gbé Lianzi wá, aṣọ pupa bo orí rẹ̀ nínú àga tí wọ́n fi èjìká gbé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ilé iṣẹ́ tíì kan ní Guihua ni Baoheng ti ń ṣiṣẹ́, níwájú lọ́hùn-ún ní òpin ilẹ̀ koríko, òfin ilé iṣẹ́ náà sì ni pé ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ mú ìyàwó wá, kò sì gbọdọ̀ wálé títí ọ̀gá rẹ̀ á fi yọ̀ǹda rẹ̀. Ó wà nílé títí yìnyín fi yọ́, ó lọ. Ó tún wálé lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó bá wọn kórè jéró, ó tún lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó dé, inú pósí ló wà, lórí ràkúnmí. Wọ́n ti kan pósí náà ní ìṣó láti ọ̀hún wá, ìyá ọkọ sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dá ńlá dé, ọ̀dá tí àwọn èèyàn ń bó èèpo igi jẹ. Ta ló fẹ́ ya àwòrán ẹnikẹ́ni? Nígbà tí òjò tún padà rọ̀, ẹ̀gbọ́n Baoheng fa ọmọkùnrin rẹ̀ kejì lé òkú àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, kí àbúrò náà lè ní àrólé. Ọmọ ọ̀hún ni Shouren. Lianzi fi owú híhun tọ́ ọ dàgbà, Shouren náà di aláṣọ, ó ṣí ilé ìtajà sí ìlú, ó sì fẹ́ kí gbogbo abúlé rí i pé àwọn òbí òun jókòó ní gbọ̀ngàn bí àwọn òbí ẹni gidi. Ní ìgbà yẹn, ayafọ́tò ti wà ní ìlú. Ní ìgbà ayé Baoheng, kò tíì sí.

Kí ló wá dé tí ìyàwó kò fi mọ ojú ọkọ rẹ̀? Ìbéèrè ọmọ ìlú nìyẹn. Ìyàwó tuntun nílé àwọn Duan nígbà náà, ẹ̀yìn ìyá ọkọ ló ń dúró sí. Kì í bá ọkọ jẹun pọ̀. Kò gbọdọ̀ gbójú sókè wò ó níwájú àgbà, ọ̀sán gbogbo sì ni àgbà fi wà níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, epo fìtílà wọ́n, wọ́n á ti pa á. Ó tó ogún ọdún sẹ́yìn tí Lianzi ti ń wá ojú náà lọ́kàn rẹ̀ tí kò rí i mọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ilé gbà pé ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Chai ṣí ìwé ojú rẹ̀. Gbogbo ayàwòrán òkú ló ní irú rẹ̀. Imú kún ojú ìwé kan, imú tó rí bí aáyù, imú tóóró, imú tó wọ́. Ojú ìwé kejì jẹ́ kìkì etí. Àwọn ẹbí á máa tọ́ka: etí bàbá wa nìyí, àgbọ̀n rẹ̀ lọ̀hún yẹn, òun á sì máa tò wọ́n pọ̀ títí ẹnì kan á fi bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ló máa ń mọ̀ pé òun ti dé ibẹ̀.

"Èyí!" Baozhen fi ìka lé e. "Imú gbọọrọ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an lèyí."

"Ọkọ mi kékeré, nígbà tó lọ kẹ́yìn, o ò tíì lè nu imú ara rẹ."

"Imú tèmi nìyẹn. Tirẹ̀ ni mò ń sọ."

"Imú ọ̀gágun orí ìtàgé lò ń tọ́ka sí. Àwọn eléré tó wá lóṣù tó kọjá."

"Ṣé kò wuyì ni?"

Shouren ti dé láti ìlú, ó dúró sẹ́bàá pèpéle pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbún ara rẹ̀ láyà. "Ọ̀gá, kí la tún ń wá kiri? Ṣebí ọmọ rẹ̀ ni mí. Ẹ wo ojú mi, kí ẹ yà á."

Jinhe sọ ojú sílẹ̀. Chai tí kì í ṣe ọmọ Shigou ti ń na ọwọ́ mú búrọ́ọ̀ṣì, inú rẹ̀ dùn.

"Fi í sílẹ̀," Baozhen ní, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Shouren, o mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi àgbà ló wà lọ́rùn rẹ. Ìyá ọ̀tọ̀ ló bí i, ọ̀tọ̀ ló bí Baoheng, ọ̀tọ̀ ló bí èmi. Bàbá wa ń fẹ́ wọn, ikú ń gbà wọ́n. A ò jọra. Tí ọ̀gá yìí bá ya ojú rẹ, ẹ̀gbọ́n ló máa jókòó ti ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní gbọ̀ngàn, níwájú gbogbo ayé. Ṣé ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Ojú Shouren pọ́n. "Ẹ wá ya àgbà kan ṣáá. Àgbà onírùngbọ̀n, tó níyì. Ta ló máa mọ̀?"

Chai ya àgbà onírùngbọ̀n kan sórí bébà. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Lianzi, àwọn méjèèjì sì bára mu bí ẹni tó ti jọ jìyà, jọ gbádùn.

"Ta nìyí?" Lianzi béèrè.

"Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ rí i," Shouren ní. "Ẹ kàn ń ní èyí kọ́, tọ̀hún kọ́. Ẹ sọ bó ṣe rí fún wa."

Lianzi wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ kí ni?"

"Mi ò rántí ojú rẹ̀, ọmọ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo mọ̀, bó ṣe ń lọ lójú ọ̀nà."

Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Chai pa ìwé ojú rẹ̀ dé, ó ní òun á dúró ní ọjọ́ díẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà òun á lọ ṣe ọdún nílé òun. Ó lè gbé àwòrán ọkọ náà sílẹ̀ fún wọn bó ṣe wà, pẹ̀lú fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, láìlójú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń mọ ìyẹ̀fun ọdún, gbogbo ilé ìdáná funfun. Jinhe ti po ìyẹ̀fun àlìkámà pẹ̀lú ìwúkàrà, ó ti wú dáadáa, àwọn obìnrin sì jókòó yí pákó ká, wọ́n ń mọ ẹkùn, wọ́n ń mọ ẹja, wọ́n ń fi ẹ̀wà dúdú ṣe ẹyinjú, kí wọ́n tó gbé wọn sórí ooru omi. Iṣẹ́ tí Lianzi mọ̀ jù láyé nìyí. Àwọn èèyàn ń ti abúlé míì wá gba ẹkùn rẹ̀ fún ìkómọ. Kò nílò kó máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń gbọ́ àròyé Baozhen nípa ìyàwó ọmọ tirẹ̀, pé iyọ̀ tó ń dà sọ́bẹ̀ tó láti fi tọ́jú òkú ẹlẹ́dẹ̀. Ó ń dáhùn, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ.

Chai wọlé láti gba omi gbígbóná tó fẹ́ fi yọ́ àtè àwọ̀ rẹ̀. Ó dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Ohun tó wà níwájú Lianzi kì í ṣe ẹkùn. Iwájú orí kan ti ń jáde lára ìyẹ̀fun náà. Àtàńpàkò rẹ̀ méjèèjì ń rìn láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń nu òógùn fún ẹlòmíì. Wọ́n gun òkè ojú, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò ojú, wọ́n dé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Kí lò ń mọ, ìyàwó?" Baozhen béèrè. Lianzi wo ilẹ̀, ó rí i, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró gbagidi.

"Ẹ má wò ó!" Chai kígbe. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má wò ó. Ẹ pa ojú dé. Ojú yín kò mọ ọkùnrin yìí rí. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa ṣe é."

Lianzi pa ojú dé. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Omi ń hó. Lẹ́yìn náà àtàńpàkò rẹ̀ tún gbéra. Imú jáde, kò gùn, orí rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Ètè jáde, ti òkè tinrín, ti ìsàlẹ̀ nípọn. Ó fi ẹ̀yìn ìka méjì kan etí, ó fà á, ó tún fà á, inú kò dùn sí i, ó yọ díẹ̀ kúrò. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ojú ẹni tí irùngbọ̀n kò tíì gbó. Nígbà tó padà sí òkè ojú òsì, ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ rì wọnú ìyẹ̀fun fúnra rẹ̀, ó ṣe kòtò kékeré kan sí àárín irun òkè ojú, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ó wà níbí," Lianzi ní. Omi ń ṣàn lábẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ tó pa dé. "Nǹkan kan wà níbí. Mo ti gbàgbé. Ibí yìí ni mo máa ń fi ìka sí."

Baozhen dìde, ìyẹ̀fun bọ́ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọlọ ńlá! Bàbá wa kì í jẹ́ kí n sáré nítòsí ọlọ ńlá. Ó máa ń ní, 'Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti fọ́ òkè ojú ẹ̀.' Ìyàwó, ṣé mo ti sọ èyí fún ọ rí?"

"O ò sọ ọ́ rí."

Ó ṣeé ṣe kó ti sọ ọ́. Àádọ́ta ọdún pọ̀, Baozhen sì lẹ́nu. Kò sí ẹ̀rí mìíràn pé ojú Duan Baoheng ni ọwọ́ arúgbó yẹn mọ, ẹni tó lè jẹ́rìí wà nínú pósí tí wọ́n kàn ní ìṣó. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ilé ìdáná náà kò dúró gba ẹ̀rí. Jinhe ti kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀.

Chai nìkan ni kò wo òkè wo ilẹ̀. Ó ti ń fi èédú ya ìlà sórí bébà, ó ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lójijì ó kígbe: "Ó ń sanra!"

Bẹ́ẹ̀ ni. Ilé ìdáná náà gbóná, ìwúkàrà sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kòtò òkè ojú ti ń pa dé.

"Oúnjẹ ọdún ti ń dé ibẹ̀ nìyẹn," Baozhen ní, ẹkún àti ẹ̀rín ló fi sọ ọ́.

"Ẹ gbé e síta! Òtútù nìkan ló lè mú un dúró!"

Jinhe gbé e pẹ̀lú pákó, ó sáré jáde, ó gbé e lé ìdérí ìkòkò ọtí kíkan ní àárín agbolé. Ó gan láìpẹ́. Yìnyín wẹ́wẹ́ ń já bọ́, ó ń bà sórí iwájú orí náà, sórí ètè náà, kò sì yọ́.

Ìgbà yẹn ni Lianzi la ojú. Ó di ògiri mú dé ẹnu ọ̀nà lórí ẹsẹ̀ kékeré rẹ̀ tí wọ́n ti dì láti ọmọdé, ó sì rí ojú ọkọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú ọ̀sán láìsí àgbà kankan níwájú tó lè ní kó wo ilẹ̀. Ó rí yìnyín lórí rẹ̀.

"Ẹ gbé e wọlé."

"Màmá, tó bá wọlé á tún wú," Jinhe ní.

"Òtútù ló pa á. Ẹ gbé e wọlé, mo ní! Mi ò lè wà nínú ilé gbígbóná kí n tún fi í síta lẹ́ẹ̀kejì."

Jinhe na ọwọ́ sí pákó náà. Chai fi ara dí i. "Màmá, ẹ gbọ́ mi. Tó bá wọlé, ó lọ nìyẹn, kò sì ní padà mọ́. Tó bá wà níbí, màá mú un kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ. Ẹ sọ èyí tí mo máa ṣe."

Lianzi wo ojú náà. Ó wo Chai. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó kan wá. Ó jókòó sínú yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọtí kíkan, ó fi ọwọ́ méjèèjì sínú apá aṣọ, ó sì kọjú síwájú.

"Wo obìnrin yìí," Baozhen ń kùn. Ó mú ẹní kan, ó dúró lẹ́yìn wọn, ó fi ẹní náà bo àwọn méjèèjì lórí. "Ní àádọ́rin ọdún, ó ń bá ọkùnrin jókòó síta gbangba. Kò sẹ́ni tó tọ́ ọ sọ́nà."

Chai gbé sílíkì náà jáde, ó nà án sórí pákó. Àwọ̀ ń gan létí búrọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ẹnu yọ́ ọ, ètè rẹ̀ di pupa, ó di dúdú. Àwọn ará àdúgbò ti rí àwọn tó jókòó nínú yìnyín, wọ́n kóra jọ sí ẹnu géètì. Wọ́n ń wo ojú mẹ́ta: ti ìyẹ̀fun tó ń funfun sí i, ti arúgbó tó jókòó tì í, àti ti ọkùnrin tó ń jáde bọ̀ lábẹ́ fìlà oyè, tí ẹyinjú rẹ̀ kò tíì sí. Nígbà tí Chai kán ẹyinjú sí i kẹ́yìn, ìró kan jáde láti ẹnu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin kan ṣí fìlà rẹ̀.

Wọn kò se ojú ìyẹ̀fun náà. Shouren fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí ibojì ní ẹ̀yìn abúlé, ó sì pẹ́ kó tó padà.

Nígbà tó dé, ó wo àwòrán méjèèjì tí wọ́n nà sórí okùn kí wọ́n gbẹ, ó sì fi ọwọ́ họ orí.

"Màmá, ó dáa. Ó dáa gan-an. Àmọ́ àwọn èèyàn á rò pé ọmọ yín ni."

"Mo rí i," Lianzi ní.

"Mo lè dín ọdún kù lójú yín," Chai sọ. "Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Màá fa awọ yẹn le, màá dá eyín padà sẹ́nu. Ẹ ó tún di ìyàwó tó fi sílẹ̀."

Lianzi sún mọ́ àwòrán ara rẹ̀, ó fi ìka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀, níbi tó ti wọlé. Ẹni tó bá ń wò ó máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wù ú.

"Ẹ máa yọ ọ̀dá kúrò," ó ní. "Ẹ máa yọ owú híhun kúrò."

"Gbogbo ẹ̀."

"Ibo wá ni Shouren máa wà? Inú àwọn ọdún yẹn ni mo ti tọ́ ọ." Ó yí kúrò níbẹ̀. "Ẹ fi mí sílẹ̀ bí mo ṣe wà."

Shouren jáde lọ wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kò sẹ́ni tó ní kó lọ wò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, wọ́n gbé wọn kọ́ sí gbọ̀ngàn, ọkọ ní ìlà oòrùn, ìyàwó ní ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n tan àbẹ́là pupa. Ẹran wà níbẹ̀, ẹja odindi, jéró tí wọ́n fi déètì pupa sè, ọtí nínú ife kékeré méjì. Ìmọ́lẹ̀ ń mì lórí sílíkì náà, aṣọ aró náà ń dán bí omi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò jẹun nílé láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sì ń wo ojú gbogbo àwọn tó bá wọlé. Ibi yòówù kí èèyàn dúró sí, ó ń wò ó. Ìyẹn kì í ṣe idán, bí ayàwòrán bá ya ojú ní ìdojúkọ, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gba àárín gbọ̀ngàn kọjá láìtẹríba.

Shouren forí balẹ̀ títí iwájú orí rẹ̀ fi kan bíríkì. Jinhe tẹ̀ lé e. Baozhen di àga mú, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ariwo orúnkún.

"Ẹ kúkú wò ó," ó ní. "Ẹ̀gbọ́n mi kéré sí ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n, máa jẹun o, má wo ojú ẹnikẹ́ni."

Lianzi nìkan ni kò kúnlẹ̀, nítorí pé ẹni tó wà láàyè kì í forí balẹ̀ fún àwòrán ara rẹ̀. Ó jókòó sórí àga níwájú àwọn méjèèjì, ó ń wo ọkùnrin náà, ó ń wo obìnrin tó jókòó tì í, ó tún padà wo ọkùnrin náà. Shouren bi í bóyá ara rẹ̀ ti balẹ̀ báyìí, pé bàbá ti délé, ó ti ń jẹun.

"Ó ti délé," Lianzi ní. "Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tó fi mí sílẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún un pé èmi nìyí?"